Ìbéèrè Yín Lórí Kọ̀ǹpútà: Ubuntu Kọ̀, Kò Ṣí Lórí Windows

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Desktop HP tòkunbọ̀ ni mo ń lò: Core i5, RAM 8GB, Windows 10. Mo tẹ wsl --install, ó gbé Ubuntu (ẹ̀yà Linux kan) wọlé, ó ní kí n pa kọ̀ǹpútà kí n tún un tàn. Bí mo ṣe ní kí n ṣí Ubuntu, 0x80370102 ló kọ síwájú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti yọ ọ́ tí mo tún gbé e wọlé, pàbó ló ń já sí.

ÌDÁHÙN: Ẹ fi Ubuntu sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé WSL 2, ohun tó ń jẹ́ kí Linux ṣiṣẹ́ nínú Windows, fẹ́ dá kọ̀ǹpútà kékeré kan sílẹ̀ nínú èyí tí ẹ ń lò, wọn ò sì ṣílẹ̀kùn fún un. Inú BIOS, ètò tó máa ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn, ni ilẹ̀kùn náà sábà máa ń tì sí.

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager lè ṣí. Ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU, kí ẹ wo ìlà Virtualization nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ Disabled, ẹ ti rí i nìyẹn. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ F10 léraléra kí àmì Windows tó yọ. F2 ni ti Dell. Del ni ti ọ̀pọ̀ motherboard àdàpọ̀. Lábẹ́ Security tàbí Advanced, ẹ wá Virtualization Technology. Àwọn tó ń lo AMD yóò rí SVM Mode. Ẹ ṣí i, ẹ fi pamọ́, ẹ pa ẹ̀rọ pátápátá, kí ẹ yọ wáyà iná fún ìṣẹ́jú kan, torí restart lásán kì í tó fún àwọn ẹ̀rọ mìíràn. Bí BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa, bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ kọ recovery key rẹ̀ tó ní díjíìtì 48 sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan BIOS rárá. Ó lè bèèrè rẹ̀.

Tòkunbọ̀ sì ní tirẹ̀: ọ́fíìsì tó lò ó tẹ́lẹ̀ lè ti fi password ti BIOS pa. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín kí ẹ tó tú u.

Bó bá ti wà ní Enabled tẹ́lẹ̀, ẹ ṣí PowerShell pẹ̀lú Run as administrator, kí ẹ tẹ ìwọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan:

dism.exe /online /enable-feature /featurename:VirtualMachinePlatform /all /norestart
bcdedit /set hypervisorlaunchtype auto

Èyí kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Ẹni tó bá ti pa hypervisor, ohun tó ń gbé kọ̀ǹpútà kékeré yẹn ró, rí kí géèmù Android tàbí VirtualBox lè yára, òun fúnra rẹ̀ ló ti WSL síta. Ẹ restart, ẹ tẹ wsl --update, kí ẹ ṣí Ubuntu. Bí ẹ bá tẹ wsl -l -v, 2 ló yẹ kó wà lábẹ́ VERSION. Ẹ má fi wsl --unregister ṣeré o: gbogbo fáìlì inú Ubuntu ló ń bá a lọ.

ÌBÉÈRÈ: Tèmi ṣí, àmọ́ vmmem (orúkọ tí kọ̀ǹpútà kékeré WSL ń jẹ́ nínú Task Manager) ń jẹ RAM mi. Ṣé mo lè dín in kù?

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú fódà orúkọ yín lábẹ́ C:\Users, ẹ fi Notepad ṣe fáìlì .wslconfig, kí ẹ kọ [wsl2] sí ìlà kìíní, memory=3GB sí ìkejì. Bí ẹ bá fẹ́ fi pamọ́, ẹ mú All Files, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ Notepad yóò so .txt mọ́ ọn nídìí, WSL kò sì ní kà á. Ẹ wá tẹ wsl --shutdown kí ẹ tó tún Ubuntu ṣí.