Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ microRNA fún Parkinson's: ẹ má tíì náwó sí i

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ẹ ní ẹnì kan ní kí ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wo microRNA, kẹ́ ẹ lè mọ̀ dájú bóyá Parkinson's, àìsàn ọpọlọ tó máa ń jẹ́ kí ara falẹ̀ kí ọwọ́ sì máa gbọ̀n, ló ń ṣe wọ́n. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ má tíì náwó yẹn. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní láàbù nìyẹn ó pẹ́, èmi ni mo máa ń yọ microRNA jáde nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn yìí, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá fi ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀.

Nǹkan náà kì í ṣe irọ́ o. RNA (èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tó jọ DNA) tó kéré bíńtín ni, bíi lẹ́tà 22 péré, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa dín protein tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe kù, Victor Ambros àti Gary Ruvkun tí wọ́n rídìí ẹ̀ lára aràn lọ́dún 1993 ló gba Nobel 2024. Nínú ọpọlọ, miR-7 àti miR-153 wà lára àwọn tí kì í jẹ́ kí protein kan tó ń jẹ́ alpha-synuclein pọ̀ jù, alpha-synuclein yìí náà ló sì máa ń dì pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn tó ní Parkinson's. MicroRNA tó bá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ kì í tètè bàjẹ́, torí ó máa ń wà nínú exosome (àpò kékeré tí sẹ́ẹ̀lì ń tú síta) tàbí kó so mọ́ protein, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń wá a kiri.

Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ọpọlọ ló ti wá, inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ fúnra ẹ̀ ni. Ìgbà kan wọ́n kó sáńpù ẹ̀jẹ̀ wá fún wa, miR-16 àti miR-451a ga gan-an lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, inú oníkálùkù ti ń dùn, ni mo bá gbé àwọn túùbù yẹn síbi ìmọ́lẹ̀, plasma (omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yọ sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú ẹ̀) ti àwọn aláìsàn ti pọ́n díẹ̀, ti àwọn tára wọn dá sì yẹ́lò dáadáa. Sẹ́ẹ̀lì pupa ti bẹ́ sínú túùbù kí wọ́n tó yí i nínú mẹṣíìnì, inú sẹ́ẹ̀lì pupa yẹn gan-an sì ni microRNA méjèèjì yìí kún sí. Mo wá yọ Ct (nọ́ńbà tí mẹṣíìnì fi ń sọ bí microRNA ṣe pọ̀ tó, bó bá ṣe kéré ni microRNA yẹn ṣe pọ̀) miR-451a kúrò nínú ti miR-23a, torí bíbẹ́ sẹ́ẹ̀lì ò fi bẹ́ẹ̀ kan miR-23a, tó bá ti kọjá 7, sáńpù yẹn ò ṣeé gbára lé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kọjá ẹ̀! Bá a ṣe yọ wọ́n kúrò, kò sí ìyàtọ̀ kankan mọ́.

Ẹ tún wo ti oògùn. Levodopa, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú Parkinson's, nìkan lè yí iye miR-29a àti miR-30b padà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, torí náà tí wọ́n bá fi ẹni tó ń lo oògùn wé ẹni tí kò lò ó, ṣé àìsàn ni wọ́n ń wò ni àbí oògùn? Ìdí nìyẹn tí ìwádìí kan á fi ní microRNA kan lọ sókè, tí òmíràn á ní ó wálẹ̀.

Ẹ gbé bàbá lọ bá dókítà ọpọlọ, kó wo bí ara wọn ṣe ń falẹ̀, kó wò ó bóyá ọwọ́ ń gbọ̀n nígbà tí wọn ò fi ṣe nǹkan kan tàbí bóyá iṣan le gan-an, kó sì wo bí levodopa ṣe ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Tí àwọn oníṣẹ́ ìwádìí bá ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí bàbá sì gbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí bàbá fún wọn, a nílò ẹ̀ gan-an. Kẹ́ ẹ ṣáà rí i pé wọ́n kọ àkókò tí bàbá lo oògùn kẹ́yìn sílẹ̀.