Ẹ Bi Ìyá Aláró: Ṣé Ọ̀ṣọ́ Lásán ni Iṣẹ́ Ọnà?

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa dá owó jọ, a fi tún ògiri ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa mọ. Ògiri ti dúró, owó sì ṣẹ́kù díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká fi pe ayàwòrán kan kó wá ya nǹkan sí i lára. Àwa àgbà ní ká fi tún gọ́tà ṣe. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà níbi ìpàdé. Mo bi wọ́n pé kí gan-an ni àwòrán ń ṣe fún ìlú, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Kí lẹ rí sí i?
*Bàbá Ìbejì, Ọbáńtókò*

Bàbá Ìbejì, ẹ kú àbójútó àdúgbò. Bí òjò bá ń gba gọ́tà yẹn wọ kíláàsì, ẹ kọ́kọ́ tún gọ́tà ṣe. Mi ò ní fara mọ́ ọn kí ọmọdé jókòó sínú omi nítorí àwòrán. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ yẹn, mi ò fẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, torí Abẹ́òkúta tí à ń gbé yìí ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́.

Kẹ́mta ni wọ́n bí mi sí, ìkòkò aró ló kún ẹ̀yìnkùlé wa. Àdìrẹ ni ìyá mi ń ṣe: á ro láfún pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù títí á fi ki, á gbé páànù tí wọ́n gé ọnà sí lára lé aṣọ, á sì fa ẹ̀kọ náà gba ojú páànù kọjá. Àwọn ọkùnrin ló ń gé páànù yẹn. Bí ẹ̀kọ bá gbẹ, aṣọ di inú aró. Tí wọ́n bá fà á jáde, kì í tíì dúdú, àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n ló máa ń ní. Atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lójú wa níbẹ̀. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún sá a, títí aró á fi mu ún dáadáa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò, tí ọnà á wá yọ.

Kí ló ń yọ? Ohun tí ojú ìlú ti rí ni. Wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn ní 1929, àwọn òpó rẹ̀ sì bọ́ sórí àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Nígbà tí George Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́ ní 1935, òun àti ayaba rẹ̀ di ọnà ara aṣọ. Obìnrin tí kò mọ̀wé rárá ń ró ìtàn ọdún yẹn mọ́ ìdí lọ sọ́jà.

Ọnà tún máa ń ṣe iṣẹ́ tó le ju ìyẹn lọ. Ní 1947, owó orí ti sú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn jọ, wọ́n gba ààfin Aké lọ. Ìwé ẹ̀bẹ̀ wà, lọ́yà wà, ṣùgbọ́n orin ni gbogbo ìlú gbọ́. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin, wọ́n ń fi orin sọ fún ọba ohun tí ẹnikẹ́ni kò tó bẹ́ẹ̀ sọ lójú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì ti fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó di 1950 kó tó padà. Mi ò sọ pé orin nìkan ló ṣe é. Àwọn tó kọ̀ tí wọn ò san, tí wọ́n gbà kí wọ́n ti àwọn mọ́lé, ló ṣe é. Àmọ́ ẹ bá mi rò ó: ọlọ́jà, aláró, àgbẹ̀, láti oríṣiríṣi àdúgbò, báwo ni wọn ìbá ṣe sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan láìsí orin tí gbogbo wọn lè gbè? Ìdí nìyí tí inú fi máa ń bí mi tí wọ́n bá pe ọnà ní ọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni ìlú ti ń rántí ara rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń bá ara rẹ̀ wí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ògiri yín. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe Òkúta Olúmọ lẹ tún máa yà síbẹ̀. Mo fẹ́ràn Olúmọ, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn baba wa forí pamọ́ sí, ṣùgbọ́n ó ti wà lára ògiri tó pọ̀ ní ìlú yìí. Ẹ má sì ya ojú olóṣèlú kankan síwájú àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ayàwòrán náà jókòó ti àwọn tó mọ àdúgbò yín kí ilé tó kún un: ta ló ń dáko níbẹ̀, odò wo ni wọ́n ń pọn, ibo ni wọ́n ti ń yan gàrí? Ìyẹn ni kó yà. Kí àwọn ọmọ náà dá sí i.

Kí ẹ sì san owó rẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé kó bá wa ṣe é torí ìlú. Bíríkìlà tó mọ ògiri yẹn, ṣé ọ̀fẹ́ ló bá yín mọ ọ́n?

Ìyá Aláró, mo fẹ́ ra àdìrẹ fún ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wá láti Ṣáínà kò wọ́n tó èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe ní ọjà Ìtòkú, wọ́n sì jọra. Ṣé ó burú tí mo bá rà á?
*Ọmọ yín, Ìbarà*

Ọmọ mi, bówó ẹni bá ṣe mọ lèèyàn ń nájà, mi ò ní bá ọ wí. Ṣùgbọ́n wọn ò jọra. Yí aṣọ náà sódì: tí ẹ̀rọ, àwọ̀ rẹ̀ kì í sábà dé ẹ̀yìn dáadáa, èyí tí wọ́n rì sínú aró, ó gba inú aṣọ kọjá. Bó bá jẹ́ àbẹ́là yíyọ́ ni wọ́n fi ya ọnà rẹ̀ dípò ẹ̀kọ, wo ibi tí àbẹ́là náà ti sán kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Aró á ti wọ ibẹ̀ tín-ínrín tín-ínrín, kò sì ní sí ojú méjì tó rí bákan náà.

Ìjà ojúlówó aṣọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbí. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí aró òyìnbó àti kọ́síìkì sódà, kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró, wọlé, Aláké fòfin dè wọ́n, àwọn aláró sì yarí, wọ́n ní òfin náà fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Ẹ̀yìn àwọn aláró lèmi wà. Bí aṣọ wọn bá ya, ẹni tó rà á mọ aláró tó máa bi léèrè. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù lónìí ni aṣọ tó ń fi ọnà wa rìn, tí kò sẹ́nì kankan nínú wa tó mọ ẹni tó ṣe é.

Tí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀, ra gèlè tàbí ìborùn tí wọ́n fọwọ́ ṣe.

Ẹ gbà mí o. Bàbá mi fi ère ìbejì méjì sílẹ̀ lọ. Pásítọ̀ wa ní kí n dáná sun wọ́n.
*Ìdààmú bá mi, Aké*

Má sun wọ́n. Tí o kò bá fẹ́ wọn nílé mọ́, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n wo ojú ère náà dáadáa. Tí imú àti ẹnu bá ti dán, tí ilà ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ọwọ́ ìyá kan ló wẹ̀ wọ́n, tó fi osùn pa wọ́n, tó bọ́ wọn, nítorí ọmọ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyá bàbá rẹ.

Gbé wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta níbí, kí wọ́n kọ orúkọ ìdílé yín sílẹ̀ mọ́ wọn. Má sì tà wọ́n fún àwọn tó ń kiri ra nǹkan àtijọ́. Òfin 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ.