Lẹ́ǹsì Tí Ó Jábọ́: Ẹ Dán An Wò Kí Ẹnikẹ́ni Tó Tú U

Arákùnrin kan tí ó ń ya fọ́tò ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì béèrè pé lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 òun jábọ́ sórí sìmẹ́ǹtì níbi òkú ṣíṣe kan, pé kò sí ohun tí ó fọ́ lára rẹ̀ bí ènìyàn bá wò ó, ṣùgbọ́n pé láti ọjọ́ náà ni apá òsì fọ́tò ti ń rí bàìbàì nígbà tí apá ọ̀tún ń mọ́ kedere. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun gbé e lọ fún alátùn-únṣe tàbí kí òun ra òmíràn. Ẹ pẹ̀lẹ́, arákùnrin. Irinṣẹ́ tí ènìyàn fi ń jẹun kì í bàjẹ́ kí ó má dun ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ṣáájú ni kí ẹ yá lẹ́ǹsì ẹlòmíràn, kí ẹ so ó mọ́ kámẹ́rà yín, kí ẹ sì ya nǹkan kan náà. Nígbà tí lẹ́ǹsì bá jábọ́ pẹ̀lú kámẹ́rà lẹ́yìn rẹ̀, ojú ibi tí a ti so wọ́n pọ̀ ni ó máa ń gba agbára ìṣubú náà, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé irin tí ó wà lára kámẹ́rà gan-an ni ó tẹ̀. Bí lẹ́ǹsì tí ẹ yá náà bá ń ṣe bàìbàì ní apá òsì, owó tí ẹ bá ná sórí lẹ́ǹsì yín ti wọ omi. Mo mọ ẹni tí ó ra lẹ́ǹsì tuntun tán kí ó tó mọ̀ pé kámẹ́rà ni ó ń ṣàìsàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ rọra yí òrùka fókọ́ọ̀sì, èyí tí a fi ń mú kí àwòrán mọ́ kedere, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀. Bí ó bá ń ha, tàbí tí ó há níbì kan, ẹ má ṣe fi autofocus, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń yí òrùka náà fúnra rẹ̀, fipá mú un, nítorí mọ́tò kékeré tí ó wà nínú rẹ̀ lè jóná tàbí kí eyín rẹ̀ ká. Ẹ mì í díẹ̀ lẹ́bàá etí pẹ̀lú. Àwọn lẹ́ǹsì kan tí ó ní ẹ̀rọ tí ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù máa ń dún kọ̀ǹkọ̀ǹ nígbà tí a bá pa kámẹ́rà, kò sì sí ohun tí ó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 kò ní ẹ̀rọ yẹn, nítorí náà, bí tiyín kò bá ní in, tí nǹkan sì ń yí kiri nínú rẹ̀, ohun kan ti já.

Àyẹ̀wò tí mo fọkàn tán jù lọ kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀, ilẹ̀ Èkìtì sì rọrùn fún un nítorí àwọn òkè tí ó yí wa ká. Ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹ gbé kámẹ́rà lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ó dúró gbọn-in, ẹ ṣí lẹ́ǹsì náà dé f/1.8, níbi tí ihò rẹ̀ ti fẹ̀ jù lọ, ẹ dojú rẹ̀ kọ òkè Olósùnta láti ọ̀nà jíjìn, ẹ fi àárín fọ́tò mú etí òkúta náà níbi tí ó ti pàdé ojú ọ̀run, kí ẹ sì pa autofocus. Láti ìgbà yẹn, ẹ má fọwọ́ kan òrùka fókọ́ọ̀sì mọ́. Ẹ yí kámẹ́rà kí etí òkúta kan náà bọ́ sí igun òkè lápá òsì, ẹ yà á. Kí ó bọ́ sí igun òkè lápá ọ̀tún, ẹ yà á. Bákan náà ni fún igun méjèèjì ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbé fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ sì fẹ̀ wọ́n tóbi, àwọn igun náà lè má mọ́ tó àárín, nítorí bí irú lẹ́ǹsì yìí ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n jọra. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá yàtọ̀ gedegbe, dígí kan ti kúrò ní àyè rẹ̀, tàbí kí ẹnu lẹ́ǹsì, ìyẹn ibi tí ó ti so mọ́ kámẹ́rà, ti tẹ̀. Àwọn kan máa ń lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri kí wọ́n sì yà á. Èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé e, torí pé bí kámẹ́rà kò bá dojú kọ ògiri náà gbọọrọ, ẹ̀gbẹ́ kan á ṣe bàìbàì láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe lẹ́ǹsì.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ àyẹ̀wò yìí ni ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, okùn báàgì mi já ní Ìkọ́gòsí, níbi tí mo ti ń ya tọkọtaya kan ní ojúko tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, lẹ́ǹsì mi sì fi etí gbá òkúta. Igun kan ṣoṣo ni ó ń ṣe bàìbàì. Alátùn-únṣe tí mo kọ́kọ́ gbé e fún tú u níṣojú mi, ó nu dígí kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n padà, ó sì gba owó rẹ̀. Nígbà tí mo délé, bàìbàì náà ti kúrò ní igun, ó ti gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Alátùn-únṣe kejì, ní Èkó, ni ó fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ hàn mí. Ó tú ẹnu irin lẹ́ǹsì náà, ó sì fi ẹ̀mú kékeré mú òrùka idẹ pẹlẹbẹ kan jáde, tí ó tinrín bí ewé ìwé, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti ká lé ara wọn. Ìwọ̀nba ìká yẹn ni ó gbé ẹnu lẹ́ǹsì sókè ní apá kan.

Iṣẹ́ òrùka bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Láti ẹnu lẹ́ǹsì dé ojú ibi tí kámẹ́rà ti ń gba àwòrán, mìlímítà 44 ni ti irú ẹnu tí a ń pè ní Canon EF, mìlímítà 46.5 sì ni ti Nikon F láti ọdún 1959. Ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà ni wọ́n fi ń tún ìwọ̀n náà ṣe, òrùka tinrín wọ̀nyí ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn èyí, síkúrù nìkan ni ó mọ̀ ọ́n tú.

Ní ti àtúnṣe tàbí ríra òmíràn: ẹ wo ẹnu lẹ́ǹsì náà. EF 50mm f/1.8 II tí Canon gbé jáde ní 1990 jẹ́ oníke ní ẹnu, èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 2015 sì jẹ́ onírin. Bí tiyín bá jẹ́ oníke, tí ó sì jẹ́ pé ẹnu nìkan ni ó sán, a lè pààrọ̀ ẹnu náà, nítorí nígbà mìíràn ike tí ó sán ni ó gba ìyà náà fún dígí. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò òkè bá fi hàn pé dígí inú ni ó yẹ̀, ohun tí èmi yóò ṣe ni pé kí n béèrè iye tòkunbọ̀ rẹ̀. Bí owó àtúnṣe bá ti kọjá ìdajì rẹ̀, màá ra tòkunbọ̀, màá sì yẹ ẹ́ wò ní òkè kan náà kí n tó san owó. Ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn lẹ́ǹsì olówó ńlá. Ìyẹn tọ́ sí àtúnṣe níbi tí ẹ̀rọ ìwọ̀n bá wà.

Bí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ yín ní Sátidé tí ń bọ̀, tí kò sì sí lẹ́ǹsì mìíràn, ẹ lò ó ní f/8, nítorí bí ihò rẹ̀ bá ti kéré ni bàìbàì náà ń dín kù, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú àwọn ènìyàn wà ní àárín tàbí ní apá ọ̀tún. Ẹ má lò ó fún fọ́tò gbogbo ẹbí tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, torí pé ẹni tí ó bá dúró sí ìpẹ̀kun apá òsì lè jẹ́ ìyá àgbà tí wọn kò ní rí yà mọ́. Bí ẹ bá sì gbé e fún alátùn-únṣe, ẹ mú fọ́tò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ fún un, kí ẹ bá a sọ ọ́ ṣáájú pé ẹ ó ya irú rẹ̀ níṣojú rẹ̀ kí ẹ tó san ìyókù owó.