Ṣé obìnrin lè tọrọ ìsádi torí abẹ́ dídá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin wà ní London pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ní dandan ni kí wọ́n dá abẹ́ fún ọmọ náà tó bá ti wálé. Ó fẹ́ tọrọ ìsádi, àmọ́ wọ́n ní ti ogun àti òṣèlú nìkan ni òfin mọ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn o. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Ìdí márùn-ún ni àdéhùn àgbáyé ti 1951 lórí ogúnléndé kà: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, èrò òṣèlú, àti jíjẹ́ ara àwùjọ kan pàtó. Kò dárúkọ obìnrin nínú wọn. Ibi “àwùjọ kan pàtó” yẹn ni àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin gbà wọlé, kò sì rọrùn. Ní 1996 ni Amẹ́ríkà tó gba Fauziya Kassindja, ọmọ Togo tó sá fún abẹ́ dídá àti ọkọ tí wọ́n fipá fún un. Ó ti lé ní ọdún kan tó ti wà ní àtìmọ́lé. (Orúkọ rẹ̀ pàápàá, “Kasinga” ni wọ́n kọ sínú fáìlì.) Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ Fornah, ọmọ Sierra Leone tí òun náà sá fún abẹ́ dídá, ló la ọ̀nà náà ní 2006.

Nítorí náà, àbúrò yín lè tọrọ. Ibi tí ti ọmọ Nàìjíríà ti sábà máa ń há ni pé Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣèpinnu lórí ìsádi, á bi í pé: “Kí ló dé tí ẹ ò kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn?” Wọ́n á tún rán an létí pé òfin Nàìjíríà ti 2015 ti ka abẹ́ dídá léèwọ̀. “Wọ́n á rí mi” lásán kò tó. Ta ni nínú ẹbí yẹn tó lè wá a kàn ní Àbújá? Ta ni yóò gbà á sílé níbẹ̀? Ṣé ó bá ọlọ́pàá sọ ọ́ rí, kí ni wọ́n sì wí? Bí ìyá ọkọ bá fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó má pa á rẹ́, bó ti wù kí èébú inú rẹ̀ pọ̀ tó.

Bí ọkọ bá ti tọrọ ṣáájú, òun náà lè tọrọ lórúkọ ara rẹ̀. Kó tètè béèrè pé obìnrin ni kó fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò, kí ògbufọ̀ náà sì jẹ́ obìnrin. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé abẹ́ ara rẹ̀ fún ọkùnrin tí wọ́n lè jọ pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì? Kó má fi falẹ̀, torí wọn á bi í ìdí tó fi pẹ́. Bí owó kò bá sí, ìjọba lè san owó lọ́yà. Ẹni tó bá fẹ́ ta ìtàn èké fún un, kó sá fún un.

Ti ọmọ kò ní láti dúró de Home Office. Ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ ìdáàbòbò fún un lónìí, kó sì gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pamọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e wálé.