Ẹ Má Jẹ́ Kí Kọ̀ǹpútà Kun Akẹtẹ̀ Bàbá Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Nígbà tí a ń palẹ̀ ẹrù màmá wa mọ́, a rí fọ́tò dúdú-àti-funfun kan: Ẹ̀yọ̀ mẹ́fà ń tò lọ ní Ìdúmọ̀tà, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé, "Bàbá ni ẹnì kẹta." Àbúrò mi fẹ́ fi kọ̀ǹpútà kùn ún, ká tẹ̀ ẹ́ ní ńlá. Ǹjẹ́ a lè mọ ìga, ìyẹn ilé olóyè Èkó, tí bàbá bá jáde? *Ọmọ Èkó ní Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ẹ bá mi dá àbúrò yín dúró ná. Funfun ni gbogbo Ẹ̀yọ̀ ń wọ̀, wọ́n sì bo ojú. Akẹtẹ̀ lẹ ó fi mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde. Dúdú ni ti Adímú, àgbà gbogbo wọn. Pupa ni ti Ẹ̀yọ̀ Làbà, débi pé Alákẹtẹ̀pupa là ń pè é. Ìga kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀yẹn, ṣe ni yóò fojú díwọ̀n. Bó bá fi àwọ̀ ewé síbi tí pupa wà, ó ti mú bàbá yín kúrò nílé rẹ̀ nìyẹn, àwọn ọmọ-ọmọ yín á sì máa fi fọ́tò náà jẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an.

Bí akẹtẹ̀ bá sì dúdú nínú fọ́tò, ẹ má tíì sọ pé Adímú ni. Fọ́tò ni bàbá mi yà jẹun ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òun ló sì kọ́ mi pé fíìmù ayé àtijọ́ kì í rí pupa: bíi dúdú ló máa ń jáde.

Ẹ wá gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, kẹ́ẹ fi wo àmì ara akẹtẹ̀ àti iṣẹ́ ara ọ̀pámbàtà, ọ̀pá ọwọ́ wọn. Ẹ wo àwọn tí kò bojú tó ń bá wọn rìn. Ó lè jẹ́ ojú mọ̀lẹ́bí lẹ máa rí.

Ẹ̀yọ̀ kì í ṣe ọdọọdún. Láti 1854 tí wọ́n ti ṣe é fún Ọba Akítóyè, ẹ̀yẹ ìkẹyìn ọba, ìjòyè tàbí èèyàn ńlá ló máa ń gbé e jáde. Nítorí náà, ẹ mú ẹ̀dà fọ́tò náà, kì í ṣe ojúlówó o, lọ bá àwọn àgbà ìdílé bàbá yín, kẹ́ẹ sì dé ilé ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ bi wọ́n pé, "Òkú ta ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ yìí?" Bí orúkọ yẹn bá ti jáde, ọdún rẹ̀ ò ní í ṣòro.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, kẹ́ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún orúkọ ìga náà.