Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé owó ìjọba fún ètò iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́

Ẹ ní ìjọba fẹ́ fún ẹgbẹ́ yín lówó láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà kò ní wọlé àfi tí ọmọ bá ti ríṣẹ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ gbà á.

Ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ìwé yẹn bó ṣe wà yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe alákòóso irú ètò yìí, ojú mi sì rí tó. Irú ọmọ tí ẹ ó gbà wọlé àti irú èyí tí ẹ ó dá padà lẹ́nu ọ̀nà, inú ìwé àdéhùn ni wọ́n ti ń pinnu rẹ̀, bó ti wù kí inú yín dára tó.

Ẹ wò ó báyìí. Tó bá jẹ́ iye kan náà ni wọ́n ń san lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá ríṣẹ́, kò ní pẹ́ tí ẹni tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ á fi mọ èyí tó máa tètè ríṣẹ́. Ó ti kàwé jáde, ọ̀rọ̀ yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ dúró tì í. Ọmọ yẹn ì bá ríṣẹ́ láìsí wa. Èyí tó fi ilé ìwé sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, tàbí tó ń dá tọ́ ọmọ, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé, òun ni wọ́n á sọ fún pé àyè ti kún. Mo jókòó nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń pinnu bẹ́ẹ̀, n kò sì rí ìkà kankan níbẹ̀. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ló ń lé wọn léré.

Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 1982, JTPA, so owó àjẹmọ́nú mọ́ iye ẹni tó bá ríṣẹ́, àwọn olùwádìí sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń ti àwọn ibùdó láti máa ṣa àwọn tó rọrùn. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin tuntun lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 2014, WIOA, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ó kéré tán, ìpín 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó àwọn ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò sí nílé ìwé mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ ní kí owó tí wọ́n ń san lórí àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ wọn le ju ti àwọn yòókù lọ. Tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ bi í pé ta ni owó náà wà fún gan-an.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti kọ iye ìgbà tí ọmọ gbọ́dọ̀ lò lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó kà á mọ́ àwọn tó ríṣẹ́. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí ìjọba bá dáwọ́ owó ìrànwọ́ dúró ni wọ́n á ní kí ọmọ máa lọ ilé. Ìwé tó ń kà wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà dára ju èyí tó ń kà wọ́n lọ́jọ́ kìíní lọ, àmọ́ ó gba kí ẹ máa wá wọn rí. Ọ̀dọ́ ń pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù bí ẹni pààrọ̀ aṣọ! Ẹ gba ti ìyá, ti ọ̀rẹ́, ti ẹnikẹ́ni tí tirẹ̀ kì í yí padà, kí ẹ sì fi owó oṣù ẹni tó máa ṣe ìtọpinpin yìí sínú ètò ìṣúná. Òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé.

Èyí tó ń pa ẹgbẹ́ kéékèèké jù lọ rèé: owó máa ń pẹ́. Ẹ ti kọ́ ọmọ tán, ẹ ti sanwó olùkọ́, ìwé yín ṣì wà lórí tábìlì ẹnì kan tó ń dúró de ìfọwọ́sí ẹlòmíràn. Owó ọkọ̀ ọmọ kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i gbà lọ́jọ́ Ajé lè má padà wá mọ́, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sá, nígbà tó jẹ́ pé kò ní ohun tó máa fi wọkọ̀ ni. Ẹ béèrè owó ìbẹ̀rẹ̀ tó máa gbé yín dé ìgbà tí àkọ́kọ́ nínú owó àbájáde, ìyẹn èyí tí wọ́n ń san tí ọmọ bá ríṣẹ́, bá wọlé. Ní tèmi, tí wọn ò bá fún yín, tí kò sì sí owó nílẹ̀ tí ẹ lè fi dúró fún bí oṣù mẹ́fà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá.

Nínú ìwé tí ẹ fi ń béèrè owó náà, ẹ ṣọ́ra fún ìlérí. Ìwádìí kan tó jáde ní 2013 nílẹ̀ Faransé fi hàn pé díẹ̀ lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ràn lọ́wọ́ ń gba iṣẹ́ tí àwọn aláìríṣẹ́ bíi tiwọn ì bá gbà ni. Ní Ùgáńdà, ìjọba fún àwọn ọ̀dọ́ lówó ní ẹgbẹẹgbẹ́ láti fi kọ́ṣẹ́ kí wọ́n sì ra irinṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, owó tó ń wọlé fún wọn fi ìpín 38 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò rí i gbà lọ, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọdún kẹsàn-án, àwọn yẹn ti bá wọn. Síbẹ̀ ó wù mí kí irú rẹ̀ pọ̀ sí i, torí ọdún mẹ́rin kì í ṣe kékeré láyé ọ̀dọ́.

Ìjọba náà ń yí padà. Bìrìtéènì dá ètò Future Jobs Fund, tó ń fi owó ìjọba pèsè iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́, sílẹ̀ ní 2009, ìjọba tó wọlé ní 2010 ní àwọn á pa á tì, ìwádìí ìjọba fúnra rẹ̀ wá sọ ní 2012 pé èrè rẹ̀ fún àwùjọ lápapọ̀ ju ìnáwó rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé pé bí ètò bá dópin lójijì, wọ́n á sanwó àwọn ọmọ tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ títí wọ́n á fi parí.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ lórí owó ìbẹ̀rẹ̀, ẹ lè lọ ṣe é lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá kan tó lówó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé tiwọn náà dáadáa, torí àwọn kan á kọ́kọ́ yọ owó àbójútó tiwọn, wọ́n á wá ti gbogbo ewu tó kù sí yín lọ́rùn.