Ìbéèrè Yín Lórí Àwo Gìtá Onírin ti Hawaii

Lẹ́tà mẹ́ta ni a yàn fún oṣù yìí. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: bí àwọn olólùfẹ́ gìtá onírin ti Hawaii, gìtá tí a ń fi irin gbọọrọ kan yọ́ lórí okùn rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń pè ní kīkā kila, ṣe lè tọ́jú àwo àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì pín orin inú rẹ̀ fún ara wọn.

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi àpótí àwo kan sílẹ̀ fún mi. Àwo dúdú tó wúwo ni wọ́n, orúkọ Frank Ferera àti Sol Hoopii, àwọn olórin gìtá yìí, sì wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo fẹ́ gbà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà kí èmi àti àwọn tí a jọ fẹ́ràn orin náà lè máa gbọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ́kọ́ fi spirit nù wọ́n. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé ó ti o. Ṣẹ́láàkì, oje tí kòkòrò kan máa ń sun sára igi, ni wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun òkúta pọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ di irú àwo wọ̀nyí, spirit gan-an sì ni àwọn káfíńtà fi ń yọ́ ṣẹ́láàkì tí wọ́n bá fẹ́ fi kun àga. Ẹni tó bá fi spirit nu àwo, ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ ló ń yọ́ dànù. Omi tí wọ́n sẹ́, tí kò ní iyọ̀ kankan nínú, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ olómi díẹ̀, ni kí ẹ lò. Kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá a yípo bí ìlà ara àwo ṣe yípo, kí omi má kan bébà àárín rẹ̀, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ sì gbé e nàró títí yóò fi gbẹ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọ ẹyọ kan, ẹ wo inú àpótí náà bóyá ẹ ó rí àwo tí kò jọ àwọn yòókù, èyí tó ń dán bíi dígí dúdú, tí ọ̀rọ̀ ara bébà àárín rẹ̀ jẹ́ àfọwọ́kọ, tí ẹ sì lè rí irin alumíníọ́mù létí rẹ̀ tàbí nínú ihò rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ṣẹ́láàkì. Irin tí wọ́n fi ọ̀dà bò ni, irú èyí tí àwọn iléeṣẹ́ rédíò fi ń gba ohùn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí téèpù tó gba ipò rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó wà láyé. Ọ̀dà náà ń súnkì bí ọdún ti ń gorí ọdún, irin abẹ́ rẹ̀ kò sì súnkì, nítorí náà ó máa ń sán, á sì máa ṣí ní ìpẹ́ ìpẹ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Bí ó bá ti ń sán, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì gbé e sórí ẹ̀rọ. Ẹ gbé e lọ fún àwọn tí ìtọ́jú ohùn àtijọ́ jẹ́ iṣẹ́ wọn.

Ti Ferera kò le tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn olórin Hawaii ti gba ọkàn àwọn èrò níbi ìpàtẹ ńlá ti San Francisco ní ọdún 1915 ni àwọn iléeṣẹ́ àwo ní Amẹ́ríkà ti ń sáré lé orin yìí, Ferera, ọmọ Honolulu, sì wà lára àwọn tí wọ́n gba orin wọn sílẹ̀ jù lọ. Àwo rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín lè wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú. Ṣẹ́láàkì kì í sì í tètè bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Kí ó já bọ́, tàbí kí a fi abẹ́rẹ́ tí kò yẹ há a, ni àwọn ohun tó ń pa á. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń gbé àwo LP, irú àwo tó dé lẹ́yìn ṣẹ́láàkì, kéré jù fún un, ìsàlẹ̀ kòtò ni yóò máa wọ́ lọ. Ẹ ra èyí tí orí rẹ̀ nípọn tó bí ìlọ́po mẹ́ta ti LP. Ẹ má sì gbé wọn sórí giramafóònù àtijọ́ tó ń lo abẹ́rẹ́ irin, bó ti wù kí ó dára tó lójú.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù ni ìyára. Àwo 78 ni gbogbo ènìyàn ń pè é, pé ó ń yípo ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ní ìgbà tí Ferera bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àwọn iléeṣẹ́ kò dọ́gba: ọ̀pọ̀ àwo Columbia ń fẹ́ 80, àwọn àwo Victor kan sì wà ní bíi 76. Bí ẹ bá gbé àwo tí wọ́n gbà ní 76 sórí ẹ̀rọ tó ń yí ní 80, ohùn rẹ̀ yóò ga tó bí àlàfo tó wà láàárín bọ́tìnnì funfun àti dúdú tó tẹ̀ lé e lórí dùùrù. Nínú orin mìíràn, a lè ní kò burú. Nínú gìtá onírin, ó burú, nítorí pé irin kan gbọọrọ ni olórin ń gbé lé gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó bá sì ṣe yí okùn rẹ̀ le tàbí dẹ̀ ẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ló máa ń pinnu àwọn kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Àwọn àgbà ìgbà náà máa ń yí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí kọ́ọ̀dù A. Hoopii lọ sí kọ́ọ̀dù C-sharp minor lẹ́yìn náà. Ẹni tó ń fi etí kọ́ orin láti inú àwo tó ń sáré jù yóò máa yí okùn rẹ̀ síbi tí wọn kò yí i sí, yóò sì máa wá ohun tí kò lè rí. Ẹ tẹ́tí sí ohùn okùn tí olórin ta láìfi irin kàn án. Ẹ ó mọ̀ ọ́n, nítorí pé kò ní í gbọ̀n bí èyí tí irin wà lórí rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Bí irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sórí ohùn A tàbí E gérégé, ìyára yín súnmọ́ òótọ́.

Bí ẹ bá rí Edison Diamond Disc nínú wọn, èyí tó nípọn gan-an, 80 ni tirẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ ni ìlà rẹ̀ sì ń mì sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Ẹ gbà á pẹ̀lú ẹ̀rọ sítẹ́ríò, kí ẹ sì yí wáyà ẹ̀gbẹ́ kan padà kí ẹ tó da méjèèjì pọ̀.

Ìbéèrè: A jẹ́ díẹ̀ tí a ń fi orin Hawaii àtijọ́ ránṣẹ́ síra wa ní MP3. Ọ̀kan nínú wa máa ń fi kọ̀ǹpútà yọ gbogbo ariwo inú rẹ̀ kúrò. Ẹlòmíràn ní a ń ba orin jẹ́. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Ẹni kejì ni. Èékánná tí olórin kì bọ ìka máa ń lu okùn pẹ̀lú ìró ṣókí kan tó mú, ẹ̀rọ tó ń yọ ariwo sì máa ń rò pé ìdọ̀tí ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìró tín-ín-rín tó ń tẹ̀ lé okùn tí irin ń fà lọ ṣe máa ń bá ariwo lọ, tí ohun tó kù á sì máa dún bíi pé inú omi ni olórin wà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú yíyọ ariwo fún ìgbádùn etí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èyí tí a ti yọ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí a tọ́jú. Ẹ gba ohùn náà sínú WAV, irú fáìlì tí a kò fún pọ̀, ní 96 kHz àti 24 bit, láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀; àjọ àgbáyé àwọn olùtọ́jú ohùn, IASA, ní kí ó má kéré ju 48 kHz àti 24 bit lọ. Ẹ lè fún un pọ̀ sí FLAC, tí kì í sọ nǹkan kan nù, bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́. MP3 wà fún gbígbọ́ lásán.

Ohun tó ń dùn mí ju MP3 lọ ni fáìlì tí kò ní ju "orin Hawaii dídùn" lọ ní orúkọ. Iléeṣẹ́ kan lè ta orin kan náà lábẹ́ orúkọ olórin méjì tàbí mẹ́ta lórí àwo olówó pọ́ọ́kú. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára àwo fúnra rẹ̀, nítòsí bébà, ló ń fi hàn pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ iléeṣẹ́ àti nọ́ńbà ara bébà, kí ẹ ya fọ́tò ojú méjèèjì, kí ẹ sì wá a nínú àkójọ àwo àtijọ́ Amẹ́ríkà tí Yunifásítì California ní Santa Barbara ń tọ́jú, níbi tí ẹ ti lè rí ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀. Àwọn tó ń tẹ bébà ìgbà náà máa ń ṣi ọ̀rọ̀ Hawaii kọ, wọn kì í sì í fi àmì orí rẹ̀ sí i. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe bá a, kí ẹ wá kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: A fẹ́ gbé ohun tí a ti gbà sílẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnìkan ní orin tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún ti di ti gbogbo ayé. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ àwo wọ̀nyí ti jáde. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 2018 tú àwo tó jáde ṣáájú 1923 sílẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Èyí tó jáde láàárín 1923 sí 1946 yóò lo 100 ọdún. Ti 1947 sí 1956 yóò lo 110 ọdún. Èyí tó tẹ̀ lé e, títí dé ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 1972, wà lábẹ́ òfin títí di ọjọ́ kan náà ní ọdún 2067. Nítorí náà, àwo 1924 ti bọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ṣùgbọ́n èyí tó jáde ní 1933 di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2034. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní òfin tiwọn, tó rọrùn ju èyí lọ fún àwo àtijọ́.

Òfin 2018 yìí kan náà ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan fún ẹni tí kò fẹ́ fi pa owó: bí ẹ bá ti wá àwo náà dáadáa tí ẹ kò rí ẹni tó ń tà á, ẹ lè fi ìwé ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ, kí ẹ dúró fún 90 ọjọ́, bí ẹni tó ni ín kò bá kọ̀, ẹ lè lò ó. Ohùn tó wà lára àwo nìkan ni àǹfààní yìí kàn o. Ẹni tó kọ orin náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó lè lo 95 ọdún láti ìgbà tí wọ́n tẹ orin náà jáde, nítorí náà ẹ wo ọdún méjèèjì kí ẹ tó gbé e síta.